Jira àti Asana: API token, OAuth àbí alágbàtà, èwo ni kí ọ́fíìsì kékeré mú?

Ká ní ọ́fíìsì kan wà ní Lágéré, Ilé-Ifẹ̀, tó ń kọ software fún àwọn iléèwé. Jira Cloud ni wọ́n fi ń ṣètò iṣẹ́ wọn. Oníbàárà wọn tó tóbi jù wà ní Òkèsà, Iléṣà. Iléèwé aládàáni ló ní, Asana, áàpù mìíràn tí wọ́n fi ń ṣètò iṣẹ́, sì ni akọ̀wé ibẹ̀ mọ̀ ọ́n lò. Akọ̀wé á kọ ọ́ sí Asana pé ojú ìwé tí àwọn òbí ti ń san owó iléèwé kò ṣí. Ẹnì kan á tún jókòó ní Lágéré, á tẹ ohun kan náà sí Jira. Tí wọ́n bá ṣe é tán, wọ́n á pè é lórí WhatsApp pé ó ti yá, kó lọ máàkì í. Tí iṣẹ́ bá wá pọ̀, Asana á máa sọ tirẹ̀, Jira á máa sọ tirẹ̀, àríyànjiyàn á sì dé lórí iṣẹ́ tí wọ́n ti parí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Síso méjèèjì pọ̀ kọ́ ni wàhálà. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ló gba àròjinlẹ̀: báwo ni Jira ṣe fẹ́ mọ̀ pé ìbéèrè tó wọlé yìí ti ọ̀dọ̀ ẹni tí a fọwọ́ sí wá? Ibo ni àṣẹ rẹ̀ mọ? Ta ló máa gbà á padà lọ́jọ́ tí nǹkan bá yí? Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn èèyàn sábà máa ń gbà, ìyẹn API token (kọ́kọ́rọ́ tí ètò kan fi ń wọ inú ètò mìíràn), OAuth 2.0 (ọ̀nà tí ẹni tó ni àkáǹtì fi ń gbà kí áàpù kan wọlé láìfún un ní páásíwọ́ọ̀dù), àti alágbàtà bíi Zapier (ilé-iṣẹ́ kẹta tó ń bá yín so áàpù méjì pọ̀). Ọ̀pọ̀ ló máa ń mú ọ̀kan, tí wọ́n á lò ó ní ìhà méjèèjì. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìhà tó jẹ́ tiyín, tókìn tó ní ààlà ti tó. Ìhà tó jẹ́ ti ẹlòmíràn, OAuth ni kí ẹ lò. Alágbàtà wà fún ọ́fíìsì tí kò ní ẹni tó ń kọ kóòdù rárá.

Ẹ kọ́kọ́ wo nǹkan kan ná: Asana ní áàpù tó ṣe fúnra rẹ̀ fún Jira Cloud. Tó bá wà nínú ètò tí ẹ ń sanwó fún, tí ohun tó ń ṣe sì tó yín, ẹ dúró síbẹ̀, ẹ pa owó yín mọ́.

Tókìn

Ohun tí wọ́n ń pè ní tókìn kò ju lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn kan lọ. Àmọ́ ó dà bí ọ̀pá tí ẹmẹsẹ̀ mú dání jáde láàfin: ẹni tó bá ti rí ọ̀pá, ọba ló rí, kò ní béèrè bóyá ńṣe ni ẹni tó mú un dání jí i. Jira kò ní béèrè, Asana kò ní béèrè. Nítorí náà, ohun tí mo fi ń wọn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni pé tí tókìn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, kí ló lè fi ṣe, ìgbà wo sì ni agbára rẹ̀ máa tán?

Lórí Jira, id.atlassian.com ni ẹ ti máa ṣe é, lábẹ́ Security. Ìgbà kan wà tí èèyàn lè fi páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ gan-an pe API Jira Cloud, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí ètò mìíràn ń gbà bá Jira sọ̀rọ̀. Atlassian fòpin sí ìyẹn ní 2019. Ímeèlì àti tókìn lẹ máa so pọ̀ báyìí, ẹ ó sọ ọ́ di base64, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń tún lẹ́tà kọ, ẹ ó sì fi ránṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé base64 ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ o. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà lánàá lè tú u. HTTPS nìkan ló ń dáàbò bò ó lójú ọ̀nà.

Láti 15 oṣù Kejìlá 2024, gbogbo tókìn tuntun tí ẹ bá ṣe lọ́dọ̀ Atlassian ló ní ọjọ́ tó máa kú, ọjọ́ náà kò sì lè ju ọdún kan lọ. Àwọn kan ń kùn sí i. Ó tẹ́ èmi lọ́rùn, torí tókìn tí kò kú rárá ni wọ́n ń gbàgbé sínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tà.

Oríṣi méjì ló wà. Èyí tí kò ní scope, ìyẹn ààlà àṣẹ, lè ṣe gbogbo ohun tí ẹni tó ni àkáǹtì lè ṣe. Fún èyí tó ní scope, ẹ̀yin lẹ máa yan ohun tó lè ṣe: read:jira-work láti ka iṣẹ́, write:jira-work láti kọ ọ́. Ibì kan wà tó ń mú àwọn èèyàn níbí. Tókìn tó ní scope kì í bá àdírẹ́sì tó parí sí atlassian.net ṣiṣẹ́. api.atlassian.com/ex/jira/ ni ẹ máa pè, kí cloud ID yín, ìyẹn àmì ìdámọ̀ Jira yín, wá tẹ̀lé e. Tí ẹ bá fẹ́ rí cloud ID náà, ẹ fi /_edge/tenant_info sí ẹ̀yìn àdírẹ́sì Jira yín nínú bíráwúsà, á gbé e jáde. Ẹni tí kò bá mọ èyí á pe àdírẹ́sì àtijọ́, á rí 401 (a kò gbà yín wọlé), á pa tókìn tó dára rẹ́, á ṣe òmíràn, á tún rí 401.

Ti Asana yàtọ̀. Personal access token ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa fi hàn yín, kì í ní ọjọ́ ikú tirẹ̀, gbogbo ohun tí ẹni tó ṣe é lè fọwọ́ kàn ni òun náà lè fọwọ́ kàn. Ká sọ pé akọ̀wé Òkèsà ló ṣe é. Àkáǹtì rẹ̀ rí owó oṣù àwọn olùkọ́, ó rí ẹjọ́ tí àwọn òbí wá rò, ó rí project táwọn olùdarí ń lò láàárín ara wọn. Project kan ṣoṣo lẹ fẹ́ so mọ́ Jira, àmọ́ tókìn tí ẹ gbà ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní lò ó ní ìhà oníbàárà.

Ohun tó ń ba ìsopọ̀ jẹ́ jù nílẹ̀ wa kì í tilẹ̀ ṣe olè. Ọmọ IT láti OAU ni wọ́n máa ń gbé irú iṣẹ́ yìí fún, tàbí àgùnbánirọ̀. Àkáǹtì tirẹ̀ ló máa fi ṣe tókìn, ohun gbogbo á máa lọ geere. Oṣù 6 á pé, ọmọ á padà sí kíláàsì, ọ̀gá á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú Jira torí pé kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ṣe yọ ọ́ ni ìsopọ̀ máa kú, kò sì ní sí ẹni tó mọ̀dí.

Nítorí náà, ẹ ṣí àkáǹtì kan tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, pẹ̀lú ímeèlì ilé-iṣẹ́, kí ìsopọ̀ nìkan máa lò ó. Lórí Jira Free, èèyàn 10 ni wọ́n gbà láàyè, àkáǹtì yìí á sì jẹ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ó dùn mí fún ọ́fíìsì tó ti pé mẹ́wàá, ṣùgbọ́n mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tó mọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìjẹ́rìísí ìgbésẹ̀ méjì sí i, kó má sì jẹ́ èyí tó ń wá nípasẹ̀ SMS sórí síìmù ẹnì kan. Áàpù tó ń gbé nọ́ńbà jáde ló dára. Kóòdù ìgbàpadà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ẹ sì tì í mọ́ ibi tí ẹ ń kó ìwé ilẹ̀ sí.

OAuth 2.0

Oṣù Kẹwàá 2012 ni OAuth 2.0 jáde gẹ́gẹ́ bí RFC 6749, ọ̀kan lára àwọn ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì. Bó ṣe ń lọ nìyí: ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lágéré á forúkọ áàpù yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ Asana, ẹ ó sì fi workspace oníbàárà (ààyè iṣẹ́ rẹ̀ lórí Asana) kún àwọn tó lè lò ó. Akọ̀wé á tẹ líǹkì kan ní Iléṣà, Asana fúnra rẹ̀ á bi í pé, "Áàpù yìí fẹ́ ka iṣẹ́ yín, ó fẹ́ kọ sí i, ṣé ẹ gbà?" Tó bá gbà, Asana á dá kóòdù kan padà sí àdírẹ́sì tí ẹ ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ètò ìsopọ̀ yín á fi kóòdù náà àti client secret (ọ̀rọ̀ àṣírí áàpù yín) gba access token, ìyẹn tókìn tí ẹ ó fi ṣiṣẹ́. Wákàtí kan péré ni access token ń lò láyé, ní Asana àti ní Jira. Refresh token ni ẹ ó máa fi gba tuntun.

Ẹ wo ohun tí èyí gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ti gbọ́ tó pọ̀ láàárín akọ̀wé àti ẹni tó ń ṣe ìsopọ̀ fún un rí báyìí:

"Bọ̀ọ̀dá, mo ti rí tókìn yẹn o. Ṣé kí n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp?"

"Rárá o, Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí mi."

"Mo ti fi ránṣẹ́. Mo tún fi sórí group, kó má baà sọnù."

Pẹ̀lú OAuth, kò sí ohun tí Àǹtí máa fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin náà kò rí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ láéláé. Tí àárín yín bá sì dàrú lọ́la, òun fúnra rẹ̀ lè wọ ibi ètò àkáǹtì rẹ̀, kó yọ áàpù yín kúrò, láìpè yín rárá. Asana ti ní scope fún OAuth, bíi tasks:read àti tasks:write. Ohun tí ẹ nílò gan-an ni kí ẹ béèrè.

Iṣẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ ló pọ̀. Tó bá jẹ́ Jira lẹ fẹ́ lò ó fún, ẹ gbọ́dọ̀ fi offline_access kún scope, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn kò ní fún yín ní refresh token, ìsopọ̀ á sì kú lẹ́yìn wákàtí kan. Atlassian tún ń pààrọ̀ refresh token: gbogbo ìgbà tí ẹ bá lò ó ni wọ́n máa fún yín ní òmíràn, ti tẹ́lẹ̀ á sì pàdánù agbára rẹ̀. Ká ní orí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni ètò yín wà. Atlassian ti fi refresh token tuntun ránṣẹ́, ètò yín ti gbà á sórí mẹ́mọ́rì, iná wá lọ kó tó kọ ọ́ sínú database. Tí iná bá fi máa dé padà, èyí tó wà nínú database ti di òkú, èyí tó wà láàyè kò sí níbì kankan. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ tún jókòó tẹ "mo gbà". Bí tuntun bá ṣe ń wọlé ni kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó lo access token tó bá a wá.

Refresh token Atlassian tí ẹ kò bá lò fún ọjọ́ 90 á kú. Iléèwé aládàáni kì í gba ìsinmi tó tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní ẹ̀ka kan ní OAU ní oníbàárà, ẹ rántí pé ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2022 bẹ̀rẹ̀ ní 14 oṣù Kejì, 14 oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Ètò kékeré kan tó ń tún tókìn gbà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, yálà iṣẹ́ wà tàbí kò sí, ti yanjú ìyẹn.

Nǹkan méjì ni kí ẹ má fò. State ni àkọ́kọ́: nọ́ńbà tí kò ṣeé fojú sọ tí ẹ máa fi bá ìbéèrè lọ, tí ẹ ó sì wò bóyá òun náà ló padà wá. Láìsí i, ẹlòmíràn lè dọ́gbọ́n kí ètò yín gba àkáǹtì tirẹ̀ wọlé dípò ti oníbàárà, iṣẹ́ oníbàárà á sì máa ṣàn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Èkejì ni PKCE, tó ti wà láti 2015, tí kì í jẹ́ kí kóòdù tí ẹlòmíràn bá jí wúlò fún un. Tí ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ bá gbà á, ẹ lò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà máa ń fò: OAuth kò wo àìsàn ọmọ IT sàn. Orúkọ ẹni tó tẹ "mo gbà" ni àṣẹ náà so mọ́. Tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, àṣẹ bá a lọ. Àkáǹtì àkànṣe ṣì pọn dandan níbí náà. Service account, ìyẹn àkáǹtì tí wọ́n ṣe fún ètò dípò èèyàn, ló tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Atlassian ní i nínú Administration, ṣùgbọ́n ní Asana, àwọn tó ń san owó Enterprise nìkan ló ń rí i lò, ìyẹn kì í sì í ṣe iléèwé Òkèsà.

Alágbàtà

Zapier, Make àti irú wọn á bá yín ṣe OAuth náà, ẹ̀yin á kàn máa tẹ bọ́tìnì. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ètò ọ̀fẹ́ Zapier fàyè gba iṣẹ́ 100 lóṣù. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń san owó iléèwé lè jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn ìyẹn, dọ́là ni, kí káàdì náírà yín sì gbà.

Owó kọ́ ni ìyọnu mi jù. Tókìn ìhà méjèèjì á wà lọ́wọ́ ẹni kẹta, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ á sì gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Tí akọ̀wé bá kọ orúkọ ọmọ àti nọ́ńbà fóònù ìyá rẹ̀ sínú táàsìkì, ẹni kẹta ti ní i. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 kò yọ iléèwé kékeré sílẹ̀: tí dátà bá tú síta lọ́nà tó lè pa àwọn tó ni ín lára, wákàtí 72 ni ẹni tó ń darí dátà ní láti fi tó NDPC, àjọ tó ń mójú tó òfin náà, létí. Ohunkóhun tí ẹ bá mú, ẹ jẹ́ kí ìsopọ̀ máa gbé àkòrí àti nọ́ńbà táàsìkì nìkan kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ orúkọ ọmọ, kó ṣí Asana.

Àwọn kan máa ń gbé n8n, ètò alágbàtà kan, sórí server tiwọn láti yẹra fún ẹni kẹta. Ó bójú mu. Àmọ́ N8N_ENCRYPTION_KEY ló fi ń ti gbogbo tókìn mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá gbé n8n lọ sórí server tuntun láìmú un dání, kò sí tókìn tó máa ṣeé kà mọ́.

| | API token | OAuth 2.0 | Alágbàtà |
|---|---|---|---|
| Ẹni tó ń fojú kan tókìn | Èèyàn ló ń dà á kọ | Ètò nìkan | Ilé-iṣẹ́ kẹta |
| Bó ṣe ń pẹ́ tó | Jira: ọdún kan ó pẹ́ tán, Asana: títí ẹ ó fi pa á | Wákàtí kan, ó ń tún ara rẹ̀ ṣe | Wọ́n ń bá yín tún un ṣe |
| Ohun tó ń bà á jẹ́ jù | WhatsApp, ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀ | Refresh token tó sọnù | Iṣẹ́ oṣù tó tán, káàdì tó kọ̀ |
| Ẹni tó yẹ kó mú un | Ìhà tó jẹ́ tiyín | Ìhà ti ẹlòmíràn | Ẹni tí kò ní olùkọ kóòdù |

Ọ̀rọ̀ tó ń wọlé bọ̀

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ dá lórí ìgbà tí ẹ̀yin bá ń pe Jira tàbí Asana. Àwọn náà ń pè yín, nípasẹ̀ webhook, ìyẹn ìròyìn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì yín nígbà tí nǹkan bá yí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ẹni tó bá mọ àdírẹ́sì webhook yín lè fi ìròyìn èké ránṣẹ́ pé iṣẹ́ ti parí.

Asana kọ́kọ́ máa ń fi X-Hook-Secret, ọ̀rọ̀ àṣírí kan, ránṣẹ́, ẹ ó dá a padà fún un bó ṣe wà, ẹ ó sì tọ́jú rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ìròyìn á máa gbé X-Hook-Signature dání, ìbuwọ́lùwé tí wọ́n fi HMAC SHA-256 ṣe lórí ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin á ṣe tiyín pẹ̀lú secret yẹn, tí méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ dà á nù. Jira náà ní tirẹ̀, X-Hub-Signature, tí ẹ bá ti fi secret sí webhook nígbà tí ẹ ń ṣe é. Tí ẹ kò bá fi í, kò ní fi ránṣẹ́.

Orí ọ̀rọ̀ bó ṣe wọlé gan-an ni kí ẹ ti ṣírò ìbuwọ́lùwé náà, kí ẹ tó tú JSON, ìyẹn bí wọ́n ṣe di ọ̀rọ̀ náà. Àwọn èdè kọ̀ǹpútà kan wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá tú JSON tí ẹ sì tún un dì, "ọ" á di \u1ecd, "ṣ" á di \u1e63. Táàsìkì tí àkòrí rẹ̀ jẹ́ "Fix login" lè kọjá láìsí wàhálà, kí "Ṣàtúnṣe ojú ìwé owó" kọ̀. Ẹ lè fi odindi ọjọ́ kan wá irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi dán an wò. Jira ló ń gbé àkòrí wá nínú webhook; nọ́ńbà ìdámọ̀ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ni Asana ń gbé wá, ẹ ó wá fi tókìn lọ béèrè ìyókù. Ní tèmi, ti Asana ló mọ́gbọ́n dání jù nínú méjèèjì.

Ohun kan tún wà tí àkáǹtì àkànṣe ń bá yín ṣe níbí. Ètò yín kọ nǹkan sí Asana, Asana á fi webhook sọ fún yín pé nǹkan yí padà, ètò yín á kọ ọ́ sí Jira, Jira náà á pariwo, wọ́n á wá máa dá a padà fún ara wọn láìdúró. Lórí ètò ọ̀fẹ́ Asana, ìbéèrè 150 láàárín ìṣẹ́jú kan ni òpin. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, 429 (ìbéèrè yín ti pọ̀ jù) lẹ máa rí. Tí ìròyìn bá ti wá látọ̀dọ̀ àkáǹtì ìsopọ̀ fúnra rẹ̀, kí ètò yín má dá a lóhùn.

Ẹ má gbé e sórí láptọ́ọ̀pù ní Lágéré tó ń lo dátà fóònù. Webhook nílò àdírẹ́sì HTTPS tí gbogbo ayé lè dé, láptọ́ọ̀pù yẹn kò sì ní i. Asana tún máa ń pa webhook tó bá ti gbìyànjú láti dé ọ̀dọ̀ yín fún wákàtí 24 tí kò rí yín, kò sì ní jí i fún yín nígbà tí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀ ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Server kékeré tí wọ́n ń yá lóṣooṣù ti tó, ìwé ẹ̀rí HTTPS Let's Encrypt sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Inú environment variable lórí server yẹn ni kí tókìn wà, kó má sí nínú kóòdù tí ẹ ń gbé lọ sí GitHub.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá so ó tán, kí akọ̀wé Òkèsà tó fi iṣẹ́ gidi sí i, ẹ fọwọ́ ara yín pa tókìn Jira rẹ́. Kí akọ̀wé náà yọ áàpù yín kúrò ní Asana. Ẹ wá ṣí táàsìkì kan, kí ẹ wo ẹni tó máa kọ́kọ́ mọ̀ pé kò kọjá. Tó bá jẹ́ inú fáìlì log nìkan ni ìròyìn náà wà, ẹ fi ímeèlì sí i, èyí tó máa lọ sọ́dọ̀ èèyàn méjì, ọ̀kan ní Ifẹ̀, ọ̀kan ní Iléṣà, kí ẹ tó ṣe tókìn tuntun.